Àtá: Ìrísí Igi Orín Kan Nínú Ọ̀dàn àti Bí A Ṣe Lè Fi Èdè Yorùbá Júwe Rẹ̀

Ìfáàrà

Orúkọ igi àti ewéko pọ̀ lọ jàra nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí a ń bá lára ọ̀pọ̀ wọn kò ju ‘irú igi kan’ tàbí ‘irú ewé kan’ lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ilé ìtàwé C.M.S. gbé jáde ní Èkó ní ọdún 1913 kún fún irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti R.C. Abraham, tí ó jáde ní ọdún 1958, gbìyànjú jù ú lọ: ó fi orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń lò ti ọ̀pọ̀ orúkọ Yorùbá lẹ́yìn, ó sì ya àwòrán àwọn kan. Síbẹ̀ náà, orúkọ Látìn kì í ṣe àpèjúwe. Ẹni tí kò rí igi kan rí, tí a wá dá orúkọ rẹ̀ fún ní èdè méjì, orúkọ méjì ni ó mọ̀. Kò tí ì mọ igi.

A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn aṣáájú wa. Ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Láyé àtijọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu júwe igi fún ẹlòmíràn. Ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ a tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ lọ sínú igbó. Ọ̀gá a nawọ́ sí igi, a já ewé rẹ̀, a rún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, a ní kí ọmọ gbóòórùn rẹ̀. A fi ọ̀bẹ ha èèpo rẹ̀, a ní kí ó wo àwọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú, imú, ahọ́n àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ igi. Iṣẹ́ tí orúkọ ń ṣe yàtọ̀ sí èyí. Pierre Verger, ẹni tí Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwé rẹ̀, Awọn Ewe Ọsanyin, jáde ní 1967, tí ó sì gbé ìwé ńlá rẹ̀, Ewé, jáde ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ní 1995, fi hàn pé nínú ọfọ̀, ìró inú orúkọ ewé ni a sábà máa ń fà yọ láti fi sọ ohun tí a fẹ́ kí ewé náà ṣe. Orúkọ inú ọfọ̀, àṣẹ ni a fi ń pa. A kì í fi ya àwòrán.

Ní òde òní, ọmọ-ìkọ́ṣẹ́ kò pọ̀ mọ́, oko sì ti jìnnà sí ọ̀pọ̀ wa. Iṣẹ́ tí ojú àti ọwọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn ṣe. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, igi kan ṣoṣo ni a ó mú, èyí ni àtá, a ó sì gbìyànjú láti júwe rẹ̀ láti egbò títí dé hóró inú èso rẹ̀. Ìdí tí a fi mú àtá ni pé ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n, ojú wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìdí kejì ni pé láti ọdún 1971 ni egbò rẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ àrùn kan tí ó ń pa àwọn ọmọ wa. Ibi tí ẹ̀mí ènìyàn bá ti wọ ọ̀rọ̀, ‘irú igi kan’ kò tó.

Orúkọ tí a ń pè é

Àtá ni Yorùbá ń pè é, tàbí igi àtá. Bí a bá gé e ní ìwọ̀n ìka tí a sì dì í fún títà, ó di orín àtá. Àwọn Haúsá ń pè é ní fasakwari. Àtá yìí kì í ṣe ata tí a ń lọ̀ sínú ọbẹ̀, ohùn orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì dọ́gba. Àwọn kan máa ń sọ pé nítorí pé orín náà a máa ta ènìyàn lẹ́nu ni a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó ń ta ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìtumọ̀ tí ó dùn gbọ́ létí rọ́pò ẹ̀rí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ ohun tí a ń wí.

Orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Lamarck, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní apá ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Fagara zanthoxyloides ni ó pè é. Orúkọ yìí ni ó ń jẹ́ títí di 1981, nígbà tí Zepernick àti Timler kó o kúrò nínú ọ̀wọ́ Fagara, tí wọ́n sì fi í sínú ọ̀wọ́ Zanthoxylum. Láti ìgbà náà ni ó ti ń jẹ́ Zanthoxylum zanthoxyloides. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀ di Zanthoxylum: ọ̀kan ni àwọ̀ tí a ń pè ní pupa rúsúrúsú, èkejì ni igi. X ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà bí a bá ń tẹ̀lé Gíríìkì, ṣùgbọ́n Z ni Linnaeus fi kọ ọ́ ní 1753, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì wà títí di òní. (Àwa tí a ti ń bá ara wa jà lórí àkọtọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ lè rí nǹkan kọ́ níbẹ̀.)

Ìyípadà orúkọ yìí kì í ṣe eré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ tí a tẹ̀ jáde lórí igi yìí ní 1971 àti 1975, abẹ́ Fagara ni yóò ti rí i. Iṣẹ́ tí Adesanya àti Sofowora ṣe lórí egbò kan náà ní 1983 wà lábẹ́ Zanthoxylum. Bí kò bá sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún un, yóò rò pé igi méjì ni wọ́n ń sọ. Nínú gbogbo èyí, orúkọ tí àwọn ìyá olórín ń pè é kò yí padà lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èyí yangàn jù. Orúkọ tiwa náà kò sọ èwo ni èwo. Àtá ní ìbátan nínú igbó dúdú. Ọ̀kan nínú wọn, Zanthoxylum gilletii, igi gíga ni. Ẹlẹ́gùn-ún ni òun náà, ewé rẹ̀ sì gùn fíìfíì ju ti àtá inú ọ̀dàn lọ. Bí a bá ti gé wọn, tí a bó èèpo wọn, tí a sì dì wọ́n nídìí, ta ni yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Orúkọ kò lè ṣe é. Ìrísí ni yóò ṣe é.

Bí ó ti rí

Igi kúkúrú ni àtá. Nínú ọ̀dàn tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ń jó lọ́dọọdún, ó lè má ga ju ènìyàn lọ, kí ẹ̀ka rẹ̀ sì máa yọ láti ìsàlẹ̀ bí ti igbó ṣákálá. Níbi tí iná kò ti bá a jà, ó lè ga tó mítà 6 sí 12, kí ìtí rẹ̀ sì dá dúró díẹ̀ kí ó tó pẹ̀ka. Láti ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Kamẹrúùnù ni a ti ń rí i. Ní ilẹ̀ Yorùbá, inú ọ̀dàn àti àwọn igbó gbígbẹ tí ó wà láàárín rẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀, ó sì tún wà láàárín igbó ṣákálá etí òkun, lórí ilẹ̀ oníyanrìn, tí ènìyàn kò ní ronú pé igi ọ̀dàn lè dé.

Ẹ̀gún ni ohun àkọ́kọ́ tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀gún, nítorí pé ‘igi ẹlẹ́gùn-ún’ lásán kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀gún ọsàn mímu ń ti inú igi gan-an jáde ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ yóò ya igi lára. Ti àtá kò rí bẹ́ẹ̀. Orí èèpo ni ó jókòó sí. Bí a bá fi àtàǹpàkò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò yẹ̀ kúrò, yóò sì fi ojú àpá pẹlẹbẹ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gún ara igi àràbà ti máa ń ṣe. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún méjèèjì. Àwa ń pe méjèèjì ní ẹ̀gún. Kò sí ohun tí ó ní kí a má pe ọ̀kan ní ẹ̀gún inú igi, kí a sì pe èkejì ní ẹ̀gún orí èèpo. Lára ẹ̀ka wẹ́wẹ́, ẹ̀gún àtá kéré, ṣóńṣó rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bí èékánná ológbò. Lára ìtí igi tí ó ti dàgbà, ìdí ẹ̀gún a máa nípọn sí i, títí yóò fi di kókó líle tí ó yọ síta bí orí ọmú, tí ẹ̀gún kékeré sì wà ní góńgó orí rẹ̀. Ẹ̀gún náà lè ká kúrò, kókó yóò ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan ìtí àtá rí kò ní gbàgbé kókó wọ̀nyí.

Àwọ̀ eérú ni èèpo rẹ̀ ní lóde. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀bẹ ha egbò rẹ̀, pupa rúsúrúsú ni a ó bá pàdé, bíi ti ìyeyè tí ó ti ń pọ́n. Níbí yìí ni òǹkọ̀wé Yorùbá gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra. Osùn pupa, epo pupa, ìyeyè náà pupa; ẹni tí ó bá kọ ‘egbò pupa’ tí ó sì lọ, ó ti rán òǹkàwé rẹ̀ nídìí igi osùn. Kí a fi àwọ̀ wé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ọ̀nà tí ó dára jù, bí a ti máa ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Àwọ̀ yìí ni ó wà nínú orúkọ Látìn náà, nítorí náà a kò jìnnà síra wa.

A dé orí ewé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pè ní ewé kan lára àtá kì í ṣe odidi ewé. Ẹ wo dòńgóyárò: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó ti ara ẹ̀ka yọ, tí àwọn ewé wẹ́wẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo rẹ̀ pátá, pẹ̀lú ọ̀pá náà, ni ewé kan. Bí a ṣe ń mọ̀ ni pé, níbi tí odidi ewé bá ti so mọ́ ẹ̀ka, ojú kékeré kan máa ń wà ní abíyá rẹ̀ tí ẹ̀ka tuntun lè ti yọ. Ìdí àwọn ewé wẹ́wẹ́ kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. A ó pe odidi rẹ̀ ní ìyá ewé, a ó sì pe àwọn tí ó tò sí i lára ní ọmọ ewé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àtá. Ìyá ewé kan a máa ní ọmọ ewé bíi 5 sí 11, ọ̀kan nínú wọn a sì máa dá dúró ní ṣóńṣó ọ̀pá. Ọmọ ewé kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 9. Ó nípọn bí awọ, ó ń dán lójú, kò ní irun. Etí rẹ̀ kò ní eyín bí ayùn gẹ́gẹ́ bí ti dòńgóyárò, orí rẹ̀ sì rí róbótó tàbí kí ó jẹ díẹ̀ wọnú. Ẹ̀gún tíńtìnnì a máa wà lára ọ̀pá ìyá ewé pàápàá, ẹni tí ó bá fi ìwàǹwára já a yóò sọ.

Já ọmọ ewé kan, kí o nà án sókè sí oòrùn. Ìwọ yóò rí àwọn àmì wínníwínní tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ gún ewé náà káàkiri. Àpò òróró ni wọ́n. Bí o bá rún un, òórùn bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò gba imú rẹ. Ewé ọsàn mímu náà ní irú àmì wọ̀nyí, kì í sì í ṣe èèṣì: ẹbí kan náà ni àtá àti ọsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà á gbọ́ bí a bá kọ́kọ́ sọ fún wọn, títí wọn yóò fi gbé ewé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú oòrùn.

Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun tàbí kí ó funfun mọ́ àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ ní ṣùṣù. Kókó ibẹ̀ ni pé akọ àti abo kì í sábà wà lórí igi kan náà. Èyí kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu, nítorí pé àgbẹ̀ Yorùbá mọ akọ ìbẹ́pẹ tí í máa ń tanná tí kì í so. Igi àtá tí ó jẹ́ akọ kò ní so láéláé. Abo tí kò sì sí akọ nítòsí rẹ̀, asán ni òdòdó rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn títí a ó fi dé orí wíwà tí a ń wa egbò rẹ̀.

Èso rẹ̀ kò ju mìlímítà 5 sí 6 lọ, ó ṣe róbótó, èèpo rẹ̀ sì ní àwọn kòtò wínníwínní tí òróró wà nínú wọn. Bí ó bá gbẹ, yóò là sí méjì, hóró dúdú kan ṣoṣo tí ń dán bí ẹyinjú yóò sì yọ lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ jọ bí iṣin ti máa ń là, bí ó tilẹ̀ kéré sí i gidigidi.

Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ran àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ lọ́wọ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Kò sí irú rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ewéko, bẹ́ẹ̀ ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn tipẹ́ pé èdè Yorùbá lè gbé sáyẹ́ǹsì dé iwájú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àbá tí a dá nìyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìwé atúmọ̀ èdè:

àtá: igi kúkúrú inú ọ̀dàn àti etí òkun, ẹbí ọsàn, ẹ̀gún orí èèpo rẹ̀ ń di kókó lára ìtí, egbò rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ìyá ewé rẹ̀ ní ọmọ ewé 5 sí 11 tí ń rùn bí ọsàn wẹ́wẹ́, akọ àti abo ń dá dúró, èso rẹ̀ kékeré ń là, hóró dúdú kan ń yọ. A ń fi egbò àti igi rẹ̀ rún orín. Zanthoxylum zanthoxyloides, tí ó ń jẹ́ Fagara zanthoxyloides tẹ́lẹ̀.

Kò gùn jù. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò gbà nínú ìwé, kò sì sí ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ lọ sí oko tí yóò wa egbò igi mìíràn wá sílé.

Láti ẹnu dé inú ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí ó bá fi àtá rún orín, ara ahọ́n rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná, yóò máa ta á, lẹ́yìn náà ahọ́n yóò kú díẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí eyín ń dùn fi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń lo èèpo egbò rẹ̀ fún làkúrègbé pẹ̀lú. Inú egbò náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti rí àwọn èròjà tí wọ́n sọ ní fagaramide àti fagaronine, tí orúkọ wọn ṣì ń rántí Fagara títí di òní, bí orúkọ igi tilẹ̀ ti yí padà.

Ní apá ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979, Abayọmi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ (tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987) ń yẹ àwọn orín ilẹ̀ wa wò bóyá wọ́n ń pa kòkòrò àìfojúrí ẹnu. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni pé a ó gbin kòkòrò náà sórí ohun kan tí ó rí bí ọ̀gì dídì, tí a pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, a ó sì fi omi egbò sí i. Wọ́n ṣàkíyèsí pé níbi tí omi egbò àtá wà, ẹ̀jẹ̀ náà ń pọ́n síbẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Ohun tí wọ́n ń wá kọ́ ni wọ́n rí yìí. Ẹni tí kò fara balẹ̀ ì bá da àwo náà nù. Wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí egbò yìí ń ṣe sí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, ìbéèrè náà sì gbé wọn dé orí ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú ìgò àyẹ̀wò, omi egbò àtá ń dá sẹ́ẹ̀lì tí ó ti ká kò padà sí bí ó ti wà. Ní 1975, wọ́n kéde èròjà kan tí wọ́n yọ láti inú egbò náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìròyìn ìgbìdánwò àkọ́kọ́ lórí àwọn aláìsàn jáde.

Kí a sọ ọ́ gbangba: inú ìgò kì í ṣe inú ènìyàn, ìgbìdánwò àkọ́kọ́ kì í sì í ṣe ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ torí ohun tí ó kà níbí yìí dá oògùn tí dókítà fún ọmọ rẹ̀ dúró. Ní ilẹ̀ Burkina Faso, àwọn olùwádìí ní Ouagadougou ti po egbò àtá àti ti bọmubọmu pọ̀ ṣe oògùn tí wọ́n pè ní FACA fún àrùn yìí. Kí a má sì ṣe dà á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Àbújá lórúkọ Niprisan, nítorí pé iyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe ìyẹn. Àtá kò sí nínú rẹ̀.

Orúkọ àrùn náà

Àwa olùkọ́ èdè kò gbọdọ̀ kọjá lórí orúkọ àrùn yìí. Gẹ̀ẹ́sì fi ìrísí sẹ́ẹ̀lì sọ ọ́ lórúkọ: bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bá dín nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún, èròjà tí ń gbé afẹ́fẹ́ náà yóò so mọ́ra wọn gbọọrọ, sẹ́ẹ̀lì róbótó yóò sì tẹ̀ bíi dòjé. Dòjé wọ̀nyí ni ó ń dí àwọn iṣan wẹ́wẹ́, tí egungun fi ń ro ọmọ títí tí yóò fi máa ké. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìmúǹkantóbi nìkan ni ó lè rí dòjé yìí. Yorùbá kò ní ẹ̀rọ náà. Ohun tí wọ́n rí ni bí àrùn ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀. Fi òní kú, fi ọ̀la dìde: fòníkú-fọ̀ladìde. Lónìí wọ́n ti ń sunkún lé e lórí, lọ́la ó ti ń bá ẹgbẹ́ ṣeré. Ní tèmi, orúkọ yìí kò kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́nàkọnà. Ohun tí a lè fojú lásán rí nípa àrùn náà ni ó sọ, ó sì sọ ọ́ pé pérépéré. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ pé àrùn yìí wà lára ohun tí a ń pè ní àbíkú nígbà kan. Kì í ṣe gbogbo Málọmọ́ àti Dúrójayé ni ó ní i, ṣùgbọ́n ìyá tí ó sin ọmọ mẹ́ta tẹ̀léra mọ ìdí tí ó fi ń bẹ èkẹrin.

Ní Nàìjíríà, bí ẹni mẹ́rin bá jókòó, a lè retí pé ọ̀kan nínú wọn yóò ní ẹ̀jẹ̀ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di SS. Kò sí egbò tí ó lè yí ìṣirò yìí padà.

Egbò tí a ń wà

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Ẹni tí ó já ewé, igi yóò hu òmíràn. Ẹni tí ó gé ẹ̀ka, ẹ̀ka yóò yọ. Ẹni tí ó wa egbò tán ti pa igi. Egbò ni ọjà sì ń béèrè jù nínú àtá, nítorí pé òun ni ó ń ta ahọ́n jù, òun náà ni àwọn onímọ̀ oògùn lò. A kì í gbin àtá lóko. Fúnra rẹ̀ ni ó ń hù. Bí a bá sì rántí ohun tí a sọ nípa akọ àti abo, a ó rí i pé kò dìgbà tí a bá wú gbogbo igi tí ó wà ní agbègbè kan kí àtá tó tán níbẹ̀. Bí awalẹ̀ bá wú àwọn abo nìkan, àwọn akọ tí ó kù yóò máa tanná lásán lọ́dọọdún.

Mo lọ sí ọjà kan lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn láti ra àtá tí n ó fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo kí ìyá àgbàlagbà kan tí ó pàtẹ orín, mo ní, “Ìyá, báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé àtá ni wọ́n kó wá fún yín, pé kì í ṣe igi mìíràn?”

“Tíṣà,” ni ó dá mi lóhùn, “mo máa ń gé e lẹ́nu ni, mo sì máa ń tọ́ ọ wò. Bí kò bá ta mí láhọ́n, n kò ní sanwó.”

Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ òwò náà lọ́dọ̀ ìyá òun, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń rán lọ sí ẹ̀yìn odi láti wa egbò rẹ̀, tí wọn yóò sì ti dé kí oòrùn tó mú. Ní báyìí, ọkọ̀ ni ó ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn, àwọn tí ó ń kó o wá kì í sì í sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Mo ra ìdì méjì. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo bi í bóyá ó ti rí igi àtá lórí ìdúró láìpẹ́ yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ṣe ọmọge ni òun ti rí i kẹ́yìn, pé egbò nìkan ni àwọn máa ń rí.